Ẹyọ Kan Tó Kù Nínú Àwo

Ilé iṣẹ́ daikon kan wà létí òkun ní Miyazaki. Gbòǹgbò funfun gígùn ni daikon. Afẹ́fẹ́ ìparí ọdún ni wọ́n fi ń mú un gbẹ lórí ọparun kí wọ́n tó tò ó sínú àgbá pẹ̀lú iyọ̀ àti èèrí ìrẹsì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Kuramochi, ọ̀gá ilé àgbá, jókòó sí yàrá ìjẹun, ó ń wo fóònù orí tábìlì bí ẹni ń wo ajá tó ti bù ú jẹ rí. Minagawa, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tí ilé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, jókòó dojú kọ ọ́. Àpò ìrìn àjò tíṣà wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwo daikon oníyọ̀ tí wọ́n ti gé wà láàárín àwọn méjèèjì.

"Ọ̀gá Kuramochi, aago mélòó ni Ìyáàfin Hadley, ọ̀gá yín ní olú ilé iṣẹ́, máa pè?"

"Mọ́kànlá, Tíṣà."

"Àyè ṣì wà. Kí ló máa bi yín?"

"Ohun tó bi mí lésìí náà ni. Ó máa ní ṣé daikon inú àgbá lè jáde kí ọdún tuntun tó dé."

"Ṣé ó lè jáde?"

Kuramochi fa afẹ́fẹ́ wọlé láàárín eyín, sìììì. Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó le díẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé ohun tí ẹ sọ fún un lésìí nìyẹn?"

"Òun náà ni. Mo tún tẹrí ba sí i."

"Sínú fóònù?"

"Èmi kọ́. Orí ló ba fúnra rẹ̀."

"Ọ̀gá Kuramochi, ará ibí tó bá gbọ́ 'ó le díẹ̀,' ó ti mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe láéláé. Á dúpẹ́, á dìde, á wá bàtà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ará Ọsirélíà ni Ìyáàfin Hadley. Kí ni òun gbọ́?"

"Ó gbọ́ 'díẹ̀.' Ó ní tó bá ṣe díẹ̀ péré ni, òun dúpẹ́. Ọjọ́ Ajé, lọ́rì dé."

"Daikon ńkọ́?"

"Ó jáde ní tútù. Àwọn tó rà á ní igi ni àwọn ń jẹ. Kò sẹ́ni tó bá Ìyáàfin Hadley wí. Ilé àgbá ni wọ́n bá wí. Olú ilé iṣẹ́ ní tó bá tún jáde ní tútù lọ́dún yìí, wọn á ti ilé àgbá pa, wọn á máa fi fínígà àti aró rẹ daikon nínú ọ̀rá."

"Àwọn ìyá tó ń tò ó sínú àgbá ńkọ́?"

"Wọ́n á lọ sílé. Èmi náà á lọ sílé. Ìyàwó mi ò sì fẹ́ kí n wà nílé."

"Ògbufọ̀ ilé iṣẹ́ dà? Ṣebí òun ló yẹ kó bá yín sọ ọ́?"

"Wọ́n ti dá a dúró, kí wọ́n lè gbà yín."

Tíṣà tún jókòó dáadáa. Ó fi ọwọ́ ra kọ́là rẹ̀.

"Ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ní Vancouver, níbi tí mo gbé, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ibi iṣẹ́, iye ni gbogbo rẹ̀. Púpọ̀. Díẹ̀. Ó tó. Ó ti jù. Gbogbo rẹ̀. Kò sí rárá. Ẹni tó bá mọ ìwọ̀nyí í lò, kò sí ọ̀gá tó lè rẹ́ ẹ jẹ."

"Ṣé wọ́n ní daikon ní Vancouver?"

"Ẹ jẹ́ ká dojú kọ ẹ̀kọ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí à ń kà ní ẹyọ-ẹyọ wà, ohun tí a kì í kà sì wà. Daikon?"

"À ń kà á."

"Iyọ̀?"

"A kì í kà á. Ọwọ́ là ń fi wọ̀n ọ́n."

"Ó káre! Òkúta tí ẹ fi ń tẹ àgbá?"

"À ń kà á. Èyí tó bá sọnù, ìyá Sugano ló gbé e lọ fi tẹ tirẹ̀ nílé."

"Àkókò?"

"À ń kà á."

"Rárá. Gẹ̀ẹ́sì kì í ka àkókò."

"Tí mo bá lọ tọ̀, ilé iṣẹ́ máa ń ka tèmi."

"Ìyẹn yàtọ̀. Ẹ bi mí ní òmíràn."

Kuramochi ronú.

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì kì í ka iṣẹ́. Bó ti wù kó pọ̀ tó, iṣẹ́ ṣì ni."

Kuramochi fọwọ́ lu itan.

"Mo ti ń wò ó pé nǹkan kan wà níbẹ̀! Abájọ tí wọ́n fi ń dà á lé wa lórí láì wẹ̀yìn. Ọjọ́ ìsinmi ńkọ́?"

"Ìyẹn… à ń kà á."

"Ìyẹn, ẹ máa ń kà á."

"Bó ṣe wà nínú èdè nìyẹn, Ọ̀gá Kuramochi."

"Tíṣà, ọ̀gá ló dá èdè yìí sílẹ̀."

Tíṣà húkọ́. Ó ti àwo sáàárín tábìlì.

"Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí a ń rí kọ́ ọ. Ẹ wo àwo yìí. Báwo ni daikon inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó?"

"Kò tó nǹkan, Tíṣà. Ẹ má bínú. Ilé àgbá wa ò ní ohun gidi tí a lè fi ṣe yín lálejò."

"Àwo kún dẹ́nu!"

"Jákujàku lásán ni. Ẹ ṣáà bá wa fi ẹnu kàn án."

"Mi ò ní kí ẹ ṣe mí lálejò. Mo bi yín ní iye ni. Ẹ sọ pé: púpọ̀."

Ojú Kuramochi pọ́n. Ó wo ẹ̀yìn wò, bóyá ẹnì kan ń gbọ́.

"Ṣé kí n ní tèmi pọ̀, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Púpọ̀."

"Pú… Ó pọ̀ díẹ̀."

"Kò sí ohun tó ń jẹ́ 'ó pọ̀ díẹ̀'!"

"Níbí, ó wà."

"Ó dáa. A ó máa jẹ ẹ́, ẹ ó máa sọ iye tó kù. Ẹ mú."

Wọ́n ń jẹ ẹ́. Daikon ń ró kàùkàù lẹ́nu wọn. Ojú tíṣà yí padà bó ṣe jẹ ẹyọ àkọ́kọ́. Ó mú òmíràn. Ó tún mú òmíràn.

"Èyí dùn o!"

"Kò dùn. Iyọ̀ rẹ̀ ti jù."

"Ó dùn gan-an ni! Ní Vancouver, tí wọ́n bá yin ènìyàn, 'ẹ ṣé' ló máa sọ. Báyìí ńkọ́? Mélòó ló kù?"

"Àwọn mélòó kan."

"Ó káre! Báyìí ńkọ́?"

"Díẹ̀."

"Ó káre gan-an! Ẹ mọ̀wé, Ọ̀gá Kuramochi. Orí yín pé."

"Rárá o. Orí mi ò pé."

"Mo ń yìn yín ni."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ̀ ọ́ nìyẹn."

Wọ́n jẹ, wọ́n jẹ, ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwo. Ọwọ́ méjèèjì dúró.

"Ó yá," ni Tíṣà wí. "Ẹ jẹ èyí tó kù, kí a lè dé 'kò sí rárá.' Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ẹ máa lò lórí fóònù."

"Ẹ̀yin ni kí ẹ jẹ ẹ́, Tíṣà."

"Ẹ̀yin ni ẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́."

"Ẹ̀yin ni àlejò."

"Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù."

"Mo ti yó."

"Èmi náà ti yó bámúbámú."

Ikùn tíṣà kùn, gbùùù. Àwọn méjèèjì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n wo daikon náà, wọ́n wo ògiri. Ní ìlú yẹn, ẹni tó bá mú èyí tó kẹ́yìn nínú àwo níṣojú ẹlòmíràn, ìròyìn rẹ̀ á ti délé kó tó délé.

"Ní Vancouver yẹn," ni Kuramochi wí, "ta ló ń jẹ èyí tó bá kẹ́yìn?"

"Ẹni tí ebi bá ń pa ni. Wọn kì í fi ṣe nǹkan kan."

"Ẹ̀yin náà jẹ ẹ́ rí níbẹ̀?"

Tíṣà tún fi ọwọ́ ra kọ́là rẹ̀.

"Tí wọ́n bá ti jáde nínú yàrá."

Kuramochi mi orí pẹ̀lẹ́. Ó bọ̀wọ̀ fún ìyẹn.

"Ẹ jẹ́ ká gé e sí méjì," ni Tíṣà wí. "Ìdajì tiyín, ìdajì tèmi."

Ó gé e. Ó jẹ ìdajì kíá. Ìdajì kejì wá wà nínú àwo ní òun nìkan.

"Ẹ mú tiyín."

"Tíṣà, òun ló tún kẹ́yìn yìí."

"Ṣebí tiyín ni!"

"Tèmi ni, ṣùgbọ́n ó kẹ́yìn."

Kuramochi gba ọ̀bẹ. Ó gé ìdajì náà sí méjì, ó jẹ ọ̀kan, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún tíṣà. Tíṣà náà gé tirẹ̀ sí méjì, ó jẹ ọ̀kan, ó fi ọ̀kan sílẹ̀. Kuramochi tún gé e. Nígbà tó yá, ohun tó kù nínú àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ eṣinṣin, ènìyàn lè rí òdòdó ara àwo láti ẹ̀yìn rẹ̀. Tíṣà fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Kí ló kù báyìí, Ọ̀gá Kuramochi?"

"Ó ku díẹ̀."

"Ẹ ò rí i? Láti òwúrọ̀, a ò lè dé 'kò sí rárá'! Ẹ jẹ́ ká fi àwo sílẹ̀. Èmi ni Ìyáàfin Hadley. Ẹ gbọ́ mi."

Tíṣà gbé ife tíì sí etí. Ó mú ohùn rẹ̀ le.

"Háló! Kuramochi! Ṣé daikon lè jáde lọ́jọ́ Ajé?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ kú òtútù. A máa rò ó wò."

"Yé! Ìyẹn burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Níbí, 'a máa rò ó wò' túmọ̀ sí pé kí onítọ̀hún máa lọ. Òun máa jókòó, á máa retí kí ẹ ronú tán. Ẹ tún un sọ. Daikon mélòó ló lè jáde?"

"Háà. A máa gbìyànjú."

"Wọ́n á rán lọ́rì méjì sí yín! Ọ̀gá Kuramochi, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kò sí. Kí ló le níbẹ̀?"

Kuramochi pa ọwọ́ pọ̀ sórí itan.

"Tíṣà, tí mo bá sọ 'kò sí' fún ènìyàn, ó dà bí ẹni pé mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nímú."

"Fóònù ni! Kò rí ojú yín!"

"Èmi ń rí i."

"Ìtìjú yẹn gan-an ni kí ẹ bọ́ sílẹ̀ bí ẹni bọ́ bàtà. Ẹ wò mí. Láti ìgbà tí mo ti dé láti Vancouver, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan tí mi ò dá a lóhùn gbọn-in. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ rí àpò mi yẹn? Lọ́sàn-án òní mò ń lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Nagasaki. Ó pẹ́ tí a ti jọ ṣe ọdún kẹ́yìn. Ó ti gún ìrẹsì ọdún sílẹ̀ dè mí, ó ń pè mí láràárọ̀, ó ń bi mí bóyá mo ti wọkọ̀."

"Tí ilé iṣẹ́ bá ní kí ẹ má lọ ńkọ́?"

"Màá ní rárá."

"Báyẹn?"

"Gbọn-in, báyìí."

"Kò ní tì yín lójú?"

"Ìtìjú wo? Ẹni tó bá ní ẹnu, kó lò ó."

Fóònù dún.

Kuramochi dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti fóònù sọ́dọ̀ tíṣà.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí i ná. Kí n rọ́nà mí."

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé fóònù sétí, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kí Ìyáàfin Hadley, Gẹ̀ẹ́sì náà ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí epo. Ohùn inú fóònù ga, ó dé etí Kuramochi lódìkejì tábìlì. Inú obìnrin náà dùn pé tíṣà gan-an ló gbé e. Ó ní òun ti ń rò ó: níwọ̀n ìgbà tí ilé iṣẹ́ bá ti sinmi fún ọdún tuntun, ṣé kò ní dáa kí gbogbo ọ̀gá wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́ títí ìsinmi á fi parí? Ṣé tíṣà lè dúró kọ́ wọn?

Ẹ̀rín kú lójú tíṣà. Ó wo àpò ẹnu ọ̀nà. Kuramochi na ọrùn síwájú, kó lè rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gbọn-in.

Tíṣà fa afẹ́fẹ́ wọlé láàárín eyín, sìììì. Orí rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó… ó le díẹ̀, mà."

"Díẹ̀ péré?" Ayọ̀ kún inú fóònù. "Mo dúpẹ́ o! Mo ti mọ̀ pé mo lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹ!"

Tíṣà tẹrí ba. Ó tún tẹrí ba. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù.

"Tíṣà."

"Ẹ má sọ nǹkan kan."

"Ẹ tẹrí ba."

"Mo mọ̀."

"Sínú fóònù."

"Mo ní mo mọ̀! Ẹ gbà. Ẹ̀yin ló ń bèèrè."

Kuramochi gba fóònù. Ó wo àpò ẹnu ọ̀nà, tí kò ní lọ sí Nagasaki mọ́. Ohun tí 'díẹ̀' lè ṣe fún ènìyàn nìyẹn, ìṣojú rẹ̀ ló sì ṣẹlẹ̀. Láti ẹ̀yìn ògiri, ó ń gbọ́ àwọn ìyá ilé àgbá, wọ́n ń gbé òkúta lé ìdérí, wọ́n ń fi ìyá Sugano ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè náà dé bó ṣe dé lésìí, wẹ́kú: ṣé daikon lè jáde lọ́jọ́ Ajé?

Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láàárín eyín rẹ̀. Ó pa ẹnu dé mọ́ ọn. Ó gbé e mì.

"Kò sí."

Fóònù bèèrè pé kí ni kò sí.

"Kò sí rárá! Daikon, kò sí. Ọjọ́ Ajé, kò sí. Kí ọdún tuntun tó dé, kò sí. Lọ́rì, kò sí! Gbogbo rẹ̀ tútù. Oṣù Kẹta, púpọ̀. Púpọ̀ gan-an. Ó dùn!" Ó mí kanlẹ̀. "Orí mi pé. Ẹ ṣé."

Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nínú òtútù. Tíṣà fi ọwọ́ bo ojú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde láti inú fóònù, ẹ̀rín gidi, tó pẹ́. Kuramochi gbọ́ ọ títí, ó ní "ẹ ṣé" lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin.

"Kí ló sọ? Ọ̀gá Kuramochi, kí ló sọ?"

"Ó ní ó dáa. Ó ní Oṣù Kẹta. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé orílẹ̀-èdè yìí, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó dá òun lóhùn."

"Kò bínú?"

"Kò bínú! Tíṣà, wọn kì í bínú! Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nímú, ó sì dúpẹ́!"

Ó na ọwọ́ sí àwo. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó mú daikon fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, ó jẹ ẹ́ níṣojú tíṣà, ó gbé e mì. Ó fi ìka han àwo.

"Kò sí rárá."

Tíṣà wo àwo òfìfo. Ó wo àpò rẹ̀. Fóònù kékeré inú àpò náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìyá rẹ̀ ni. Kò gbé e.

"Ọ̀gá Kuramochi."

"Tíṣà mi."

"Ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa báyìí. Ó sì gbọ́ tiyín."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ ṣé." Ó rántí pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Vancouver nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é. Ẹ pè é padà. Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò lè dúró. Ẹ ṣáà ní 'kò sí rárá.' Kò ju ìyẹn lọ."

Kuramochi ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ilé àgbá rẹ̀. Ó wo fóònù orí tábìlì. Ó wo tíṣà, tàánútàánú. Ó fa afẹ́fẹ́ wọlé láàárín eyín, sìììì, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tíṣà," ló wí, "ìyẹn le díẹ̀."